Ẹni tí a rán níṣẹ́ àti ẹni tí ó rán an: Tìmì, Ṣàngó àti àwọn akọni ilẹ̀ Gíríìkì

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń to àwọn òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá àti ti ilẹ̀ Gíríìkì ayé àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní méjì méjì. Wọn a máa wí pé Ṣàngó ni Zeus, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ni àrá. Pé Ògún ni Hephaestus, nítorí irin. Pé Ọ̀ṣun ni Aphrodite, nítorí ẹwà. Pé Èṣù ni Hermes, nítorí oríta àti iṣẹ́ jíjẹ́. Irú àfiwé bẹ́ẹ̀ rọrùn láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó sì ní ìwúlò tirẹ̀ ní àkókò tí a ní láti fi yé àwọn òyìnbó pé ohun tí wọ́n ń bọlá fún nínú ìwé Homer kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń bú ní ìbọ̀rìṣà lọ́dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n àkókò náà ti kọjá. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká fẹ́ ṣàlàyé Ògún nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1976, Dionysus, Apollo àti Prometheus ni ó ní láti pè pọ̀ kí ó tó rí ohun tí yóò fi wé òrìṣà kan ṣoṣo. Bí a bá nílò ẹni mẹ́ta kí a tó lè wọn ẹnì kan, a jẹ́ pé òṣùwọ̀n náà kò bá ọjà mu.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé Ṣàngó kì í ṣe Zeus rárá. Bí a bá ń wá ẹni tí ó jọ ọ́ ní ilẹ̀ Gíríìkì, àfi kí a lọ wá a láàrin àwọn ọba tí Zeus sán àrá pa. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Ó kan bí àwọn méjèèjì ṣe rí ààlà tí ó wà láàrin ènìyàn àti òrìṣà, ó sì kan ohun tí ìlú kan lè ṣe pẹ̀lú ìwà ibi tí ọba hù sí i. Ìlú tí ó sì lè là wá lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ju Ọ̀yọ́ gan-an lọ ni Ẹdẹ.

Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo, ní agbègbè odò Ọ̀ṣun, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ibi tí ìlú náà wà lónìí kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti Ẹdẹ-Ilé ni wọ́n ti ṣí wá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ìtàn sọ pé ọdẹ àti jagunjagun kan, Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ni Aláàfin rán wá síbẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ọ̀nà òwò, nítorí àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń dá àwọn ọlọ́jà lọ́nà. Oríkì rẹ̀ ti sọ ohun ìjà rẹ̀ fún wa: ọfà ni, ọfà tí ń jó ni bí iná. Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn kò sì ta ko kókó ìtàn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran, tí ó walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, rí egungun ẹṣin àti owó ẹyọ níbẹ̀, ó sì fi hàn pé ìletò tí Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni. Igi oṣè tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn wà ní ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbé ẹṣin àti igi oṣè wọ inú ilẹ̀ igbó kò wá ṣe àlejò; iṣẹ́ ọba ni ó ń jẹ́.

Iṣẹ́ ọba wo? Níbí ni àwọn tí ń sọ ìtàn náà ti yapa. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, sọ pé ní ayé Aláàfin Kórì ni Tìmì lọ sí Ẹdẹ, bẹ́ẹ̀ Ṣàngó ti jẹ, ó sì ti lọ, kí Kórì tó gorí oyè. Ṣùgbọ́n nínú Ọba Kò So, eré Dúró Ládípọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, Ṣàngó fúnra rẹ̀ ni ó rán Tìmì. Òpìtàn lè bínú sí èyí. Lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ bínú. Ìtàn ìwáṣẹ̀ kì í ka ọdún, ọ̀rọ̀ ni í máa so mọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ará Gíríìkì náà mọ èyí dáadáa. Àwọn kan láàrin wọn sọ pé àwọn ará Corinth ni ó pa àwọn ọmọ Medea. Nígbà tí Euripides gbé eré tirẹ̀ jáde ní 431 ṣáájú ìbí Kristi, ìyá fúnra rẹ̀ ni ó pa wọ́n. Láti ìgbà náà, ta ni ó tún ń rántí àwọn ará Corinth? Òǹkọ̀wé tí ó bá rí ibi tí ìrora ìtàn gbé wà, ibẹ̀ ni yóò gbé ọwọ́ lé. Nígbà tí a bá so Tìmì mọ́ Ṣàngó, ìbéèrè kan jáde tí kò lè jáde nínú ìtàn Kórì: kí ni a ó ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ kí baba ńlá wa kú bá di òrìṣà?

Ẹ jẹ́ kí a gba inú eré náà lọ díẹ̀. Ṣàngó ní jagunjagun méjì tí agbára wọn ti ń ga ju ohun tí ọkàn ọba lè gbà lọ, Tìmì àti Gbọ̀nkáà. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ pé kí ó máa ṣọ́ ibodè, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ni pé kí Tìmì má padà. Tìmì kò kú. Àwọn ará Ẹdẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó sì di olórí wọn. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí Tìmì ṣe gan-an nìyẹn: iṣẹ́ ikú ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ di oyè. Nígbà tí Ṣàngó gbọ́, ó rán Gbọ̀nkáà kí ó lọ mú un wá, nítorí pé bí àgbò méjì bá kàn, ọ̀kan yóò ṣubú. Gbọ̀nkáà fi ọfọ̀ kun Tìmì lóorun, ó mú un wá sí Ọ̀yọ́. Wọ́n tún kojú ara wọn, Gbọ̀nkáà pa Tìmì, ó sì wá yíjú sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú fún Ṣàngó: ó fi ìbínú pa àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó kúrò ní ìlú, Ọya padà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ku òun nìkan pẹ̀lú igi.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn akọni Gíríìkì yóò rí i pé ojú ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì. Ọba Polydectes fẹ́ fẹ́ ìyá Perseus, ọmọ náà sì dí i lọ́wọ́, ni ó bá rán an kí ó lọ gé orí Medusa wá, ẹni tí ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó lójú yóò di òkúta. Pelias mọ̀ pé oyè tí òun jẹ tọ́ sí Jason, ni ó bá rán an lọ mú awọ àgbò oníwúrà wá láti ìkángun ayé. Eurystheus, ọba tí kò tó Heracles gbé rárá, ń rán an láti orí kìnnìún dé orí ajá ọ̀run. Èyí tí ó sún mọ́ ti Tìmì jù ni ti Bellerophon, tí Homer sọ nínú ìwé kẹfà Iliad. Ọba Proetus fẹ́ kí ó kú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ọwọ́ òun. Ó fún un ní ìwé tí a ti dì pa kí ó gbé e lọ fún àna òun, ikú ẹni tí ó gbé ìwé náà ni a sì kọ sínú rẹ̀. Àna náà kò fẹ́ pa àlejò, ni òun náà bá rán an kí ó lọ bá Chimaera jà, ẹranko tí ń yọ iná lẹ́nu. Ní Gíríìkì bí ní Ọ̀yọ́, ọba tí ẹ̀rù alágbára bá ń bà kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Yóò ní iṣẹ́ wà láti jẹ́.

Títí débí, ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń tọ̀. Oríta tí wọ́n ti yà ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Ní ilẹ̀ Gíríìkì, ẹni tí a rán ni ìtàn ń gbé ga. Perseus gbé orí Medusa dé, Polydectes wò ó, ó di òkúta. Bellerophon pa Chimaera, ó sì fẹ́ ọmọ ọba. Heracles jó nínú iná lórí òkè Oeta, àwọn òrìṣà gbà á sí àárín wọn, wọ́n fún un ní ìyàwó lọ́run. Ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ilé òrìṣà fún Eurystheus. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Tìmì kú ikú ènìyàn. Gbọ̀nkáà ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ènìyàn náà ni ó jẹ́ títí. Ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́, tí ó bẹ̀rù wọn, tí ó fi ọ̀kan pa èkejì, òun ni ó di òrìṣà.

Ẹ tún wo ìjà náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Achilles àti Hector kojú ara wọn lẹ́yìn odi Troy, Athena sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àwọ̀ àbúrò Hector wọ̀, ó sì tàn án títí ó fi dúró de ikú. Perseus kò lè dá lọ. Ohun èlò tí Athena àti Hermes fún un ni ó fi ṣẹ́gun. Nínú ìjà Tìmì àti Gbọ̀nkáà, òrìṣà kankan kò sọ̀ kalẹ̀ láti ti ẹnì kan lẹ́yìn. Ọfà wà ní ọwọ́ ọ̀kan, ọfọ̀ wà ní ẹnu èkejì, ọ̀rọ̀ sì borí irin. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tí Ládípọ̀ ṣe dáadáa jù lọ. Kò wá òrìṣà orí ìtàgé tí yóò bá a tú ìdì ọ̀rọ̀. Ó fi ọfọ̀, oríkì àti ìlù gbé ìjà náà dúró, débi pé nígbà tí wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin ní 1964, àwọn tí kò gbọ́ èdè Yorùbá náà lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń mú ènìyàn. Ìdí mìíràn sì wà tí òrìṣà kò fi dá sí i. Òrìṣà tí ì bá dá sí i ṣì jẹ́ ènìyàn nígbà náà. Ó jókòó ní ààfin, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ní báyìí a lè dá àwọn tí ń fi Ṣàngó wé Zeus lóhùn. Zeus kò fi ìgbà kankan jẹ́ ènìyàn. Ó bá baba rẹ̀ jà, ó gba ìjọba ọ̀run, àwọn Cyclops sì rọ àrá fún un. Ṣùgbọ́n ọba kan wà ní Elis tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Salmoneus. Òun ní kí àwọn ènìyàn máa bọ òun gẹ́gẹ́ bí Zeus. Ó so ìkòkò idẹ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ kí ó lè máa dún bí àrá, ó sì ń ju ògùṣọ̀ sókè bí mànàmáná. Zeus ju àrá òtítọ́ lù ú, ó pa á, ó pa ìlú rẹ̀ run. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí Johnson kọ nípa Ṣàngó: pé ọba náà ní oògùn tí ó lè fi pe mànàmáná, pé ó fẹ́ dán an wò, àti pé àrá náà ya lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó sì pa aya àti ọmọ rẹ̀. Ọba tí ó fi àrá ṣeré ni àwọn méjèèjì, àrá sì run ilé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Salmoneus wà nínú ìjìyà títí láé ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, nígbà tí Ṣàngó wà ní ojú ọ̀run, tí àwọn ènìyàn ń kí i ní kábíyèsí nígbà tí òjò bá ṣú. Yorùbá ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ará Gíríìkì kan kò lè pa òwe yìí nípa Salmoneus.

Ìdí rẹ̀ ni pé fún wọn, ògiri ni ó wà láàrin ènìyàn àti òrìṣà, ẹni tí ó bá sì gùn ún yóò já lulẹ̀. Bellerophon pàápàá, lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́gun rẹ̀, fẹ́ gun ẹṣin abìyẹ́ rẹ̀ lọ sí Olympus. Ó ṣubú, ó ń rìn kiri ní òun nìkan títí ó fi kú. Heracles tí wọ́n gbà wọlé, ọmọ Zeus ni; ilé baba rẹ̀ ni ó lọ. Fún wa, ọ̀nà ni ó wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ó le, tí ó sì ń ná ni ní nǹkan. Ìyàtọ̀ yìí kan náà ni Ọlá Rótìmí bá pàdé nígbà tí ó sọ ìtàn Oedipus di ti Ọ̀dẹ́wálé nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Ọ̀rọ̀ tí Apollo bá sọ ní Delphi ti parí. Ṣùgbọ́n bí Ifá bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ó jókòó yóò béèrè pé, 'Kí ni ẹbọ rẹ̀?' Nítorí náà ni Rótìmí ṣe wá ẹ̀bi lọ sí ibòmíràn, sí ìbínú tí ó bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ìran Ọ̀dẹ́wálé ṣẹ̀sín. Kò fi Ifá rọ́pò Apollo kí ó sì fi ohun gbogbo yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ó rí i pé bí a bá yí ẹnì kan padà, ìtàn yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Ta wá ni ó gbé Ṣàngó gba ọ̀nà náà kọjá? Ènìyàn ni. Ẹ fetí sí orúkọ eré náà: Ọba Kò So. Ọ̀rọ̀ àtakò ni. Kò sí ẹni tí í sọ pé ọba kò so àfi tí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ sọ pé ó so. Ìpè orúkọ Kóso fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀sùn náà àti ìdáhùn rẹ̀ pọ̀. Karin Barber, tí ó ṣe ìwádìí ní Òkukù, kọ ọ́ ní 1981 pé ìtọ́jú àwọn olùsìn ni ó ń fún òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá ní agbára. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀ pé bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Ní òpin eré Ládípọ̀, àwọn tí ó fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó yí ohùn padà. Ẹ̀rù àrá wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé àánú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àti ìtìjú àwọn tí ó mọ̀ pé ọba tí ó so kọ́, ìlú ni ó so kọ́.

Níbí ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí ìlú bá lè sọ fún ọba tí ó jó ilé, tí ó pa ènìyàn, pé kò ṣe é, kí ni yóò dá ọba tí ń bọ̀ dúró? Plato bẹ̀rù ìtàn àwọn òrìṣà oníwà ìbàjẹ́, ó ní kí wọ́n má ṣe fi kọ́ àwọn ọmọdé. Ìbẹ̀rù tiwa yàtọ̀ díẹ̀: pé a lè bọ alágbára títí a ó fi gbàgbé ohun tí ó ṣe. Ní orílẹ̀-èdè tí a ti ń fi orúkọ òpópónà àti pápákọ̀ òfuurufú da àwọn tí ó ni wá lára lọ́lá, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìtàn ìwáṣẹ̀ nìkan. Ọba Kò So fúnra rẹ̀ kò dáhùn rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ ọba ni eré náà ń sọ láti orúkọ rẹ̀ wá. Ikú Tìmì jẹ́ àtẹ̀gùn tí ìtàn ń gbà lọ sí ibi ikú Ṣàngó. Ojú Ọ̀yọ́ ni a fi ń wo Ẹdẹ.

Ṣùgbọ́n Ẹdẹ náà ní ojú. Ulli Beier, tí ó gbé ní Ẹdẹ ní àwọn ọdún 1950, kọ ìwé kan ní 1959 lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ tí ìlú náà ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ọdún Ṣàngó sì wà lára àwọn tí ó lókìkí jù nínú wọn. Ìlú Tìmì ń lu bàtá fún Ṣàngó. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé wọ́n ti gbàgbé. Wọn kò gbàgbé. Àwọn ará Ẹdẹ kò sọ oyè wọn ní orúkọ ẹni tí ó rán Tìmì níṣẹ́. Tìmì ni wọ́n ń pe ọba wọn, láti ìgbà náà títí di òní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gorí oyè, yóò bọ́ orúkọ tirẹ̀ sẹ́yìn, yóò sì gbé ti ẹni tí wọ́n rán lọ kú wọ̀. Tìmì Àbíbù Lágúnjú jẹ́ Mùsùlùmí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Tìmì ni. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ láti 1946 sí 1975, jẹ́ Kristẹni, ó sì mọ ìlù lù débi pé ó kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Tìmì ni òun náà. Ẹ̀sìn yí padà lórí àga náà, orúkọ kò yí padà.

Èyí ni Ẹdẹ fi dá ìbẹ̀rù mi lóhùn. Ìrántí méjì ni ìlú náà ń tọ́jú, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì. Ní ojúbọ Ṣàngó, wọ́n ń sọ pé ọba kò so. Ní ààfin, tí ẹnì kan bá kí ọba ní orúkọ oyè rẹ̀, ó ti ń sọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀, pé ẹnì kan wà tí a rán lọ kí ó má padà, àti pé ó dé ibi tí wọ́n rán an, ó sì tẹ ìlú dó. Àwọn ará Gíríìkì ì bá ní kí a yan ọ̀kan: kí ẹni tí ó ránni di òkúta, tàbí kí ẹni tí a rán di òrìṣà. Ẹdẹ kò yan. Bí àwọn tí ń to òrìṣà ní méjì méjì bá fẹ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí wọ́n má kàn béèrè ẹni tí ó ni àrá, kí wọ́n béèrè ẹni tí àrá náà bà, àti orúkọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ lónìí.